Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́ Wo Ni Ẹ Lè Máa Wà Lójoojúmọ́ n'Ílọrin?

Àwọn òǹkàwé wa kò yéé bi wá ní ìbéèrè kan náà: "Mo fẹ́ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì, tí màá máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Benz ni kí n rà ni, àbí BMW? Ṣé Porsche ò ní sọ mí di onígbèsè?" Ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀ mìíràn tí àwọn ará àdúgbò ń fi ṣe kabúkabú tàbí tí tíṣà ń gbé lọ síléèwé, yóò bá yín kalẹ́. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, orí jáàkì ni yóò máa gbé, bó ti wù kó dán tó.

Ọkọ̀ tó ti tó ọdún 25 sókè là ń pè ní àtijọ́ níbí. Ọ̀nà Ìlọrin àti gúúsù Kwara la sì ní lọ́kàn: oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta, eruku ọyẹ́, gálọ́ọ̀pù lẹ́yìn òjò, àti búm̀pù tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fi símẹ́ǹtì mọ bó ṣe wù wọ́n.

## Kí ẹ tó wá ọkọ̀ rárá

1. Ẹ kọ àwọn ọ̀nà tí ẹ ń gbà láàárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń ti Tánkẹ́ lọ sí Taiwo láago méje ààbọ̀ àárọ̀, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ni tirẹ̀; ọkọ̀ tí kì í gbóná, tí kíláàṣì (clutch) rẹ̀ sì fúyẹ́, ló bá a mu. Ẹni tó ń gba Gánmọ̀ àti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ṣọ́ọ̀kì, táyà àti bíréèkì ni kó máa rò. Bó bá jẹ́ apá Ọ̀sí àti Ọ̀bbò lẹ ń lọ, ẹ ro ti òkè mọ́ ọn: ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 tó ti rẹ̀, tí AC tún wà ní títàn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

2. Ẹ wọn búm̀pù tó ga jù lójú ọ̀nà yín. Ẹ gbé pákó gbọọrọ lé e lórí, kí ẹ fi rúlà wọn láti ilẹ̀ dé abẹ́ pákó náà. Bí ẹ bá wá dé ibi tí ọkọ̀ wà, kí àgbàlagbà méjì wọ inú rẹ̀, kí ẹ wọn ibi tó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ rẹ̀; páìpù èéfín tàbí abọ́ ọ́ìlì ló sábà máa ń jẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 14 sókè dára. Láàárín 12 sí 14, ẹ óò máa gba ẹ̀gbẹ́ gun búm̀pù, táyà kan ṣáájú èkejì. Bí kò bá tó 12, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ tẹ́jú.

3. Ẹ wá páàtì kí ẹ tó wá ọkọ̀. Ẹ mú orúkọ márùn-ún dání: tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì (tọ́pù ni orí ẹ́ńjìnnì), wọ́tà pọ́m̀pù, pọ́m̀pù epo, bíréèkì páàdì àti gíláàsì iwájú. Ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta n'Ílọrin. Bí wọ́n bá ní Ládípọ̀ ní Èkó ni wọn óò ti gbé e wá, ẹ bi wọ́n ní iye ọjọ́ àti iye owó. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún kò bá lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti ojoojúmọ́.

4. Ẹ wá mẹkáníìkì tó ti tú irú ẹ́ńjìnnì yẹn rí. Ẹ bi í pé: "Ọ̀gá, kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní ronú kó tó dáhùn. Ẹni tó bá ní "kò sí ọkọ̀ tí mi ò lè ṣe" ni kí ẹ kí, kí ẹ máa lọ.

5. Apá òsì nìkan ni kí sítíárì wà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń rìn lápá ọ̀tún ọ̀nà ní Nàìjíríà, ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kò sì ṣe é forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tó rẹwà láti Ìlú Ọba àti Japan ló bá èyí lọ. Bí ẹnì kan bá ní òun ti gbé sítíárì náà sọ́dọ̀ òsì, ẹ má dá a lóhùn: ibi tí wọ́n jó pọ̀ nídìí sítíárì kì í ṣe ibi tí ẹ óò fi ẹ̀mí yín lé lórí eré 100.

## Èwo nínú wọn?

### Toyota Celica, 1994 sí 1999

Bí ẹ bá ní kí á mú ọ̀kan péré, òun ni. Irú tí wọ́n ń pè ní ST, ti Amẹ́ríkà, ń lo ẹ́ńjìnnì 7A-FE, 1.8, tó wà nínú Corolla ìgbà náà. GT ń lo 5S-FE, 2.2, ẹ́ńjìnnì Camry tó kún ìgboro. Mẹkáníìkì tó bá ti tú Camry ti tú Celica nìyẹn. Táímìn bẹ́líìtì (bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti písítìn máa rìn ní àkókò tó yẹ) làwọn méjèèjì ń lò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 96,000. Bó bá sì já lójijì, fáàfù kì í kan písítìn, ọkọ̀ á kàn kú síbi tó wà ni.

Ibi tó ti máa ń yọni lẹ́nu: rọ́bà tó bo jọ́ìntì ṣáàfù iwájú (bó bá ya, eruku á wọlé, jọ́ìntì á máa dún kọ̀ọ̀kọ̀ bí ẹ bá yí sítíárì tán), búṣìn apá ìsàlẹ̀, àti ọ́ìlì tó ń jò lórí kọ́fà fáàfù. Owó kékeré ni gbogbo ìyẹn. Owó ńlá wà lára ohun tí kò bá Camry pín: iná iwájú rogodo mẹ́rin, bọ́m̀pà, gíláàsì ẹ̀yìn. Bí iná kan bá ti fọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí iye rẹ̀ kí ẹ tó sọ iye tí ẹ óò san. Ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn ọmọdé nìkan ló gbà.

Èyí tí wọ́n ń pè ní GT-Four, tó ní tọ́bò, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, páàtì rẹ̀ kò sì sí ní ìgboro.

### Mercedes 190E àti V-boot onílẹ̀kùn méjì

Àwọn kan á ní 190E kì í ṣe sípọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Bó ṣe ń di ojú ọ̀nà mú ní kọ́nà Àjàṣẹ́ lórí eré 90 tó wa. V-boot (Benz W124) onílẹ̀kùn méjì ni 230CE àti 300CE: ẹ́ńjìnnì, bíréèkì àti ìdí ọkọ̀ wọn bá V-boot onílẹ̀kùn mẹ́rin mu, nítorí náà páàtì wà. Ilẹ̀kùn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti bẹ́líìtì ìjókòó ni kò bá a mu. Ṣéènì ni wọ́n ń lò dípò táímìn bẹ́líìtì. Bó bá ń dún wàràwàrà fún ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ láàárọ̀, ó ti fẹ̀ nìyẹn.

Epo ni ọ̀tá wọn. Ìnjẹ́kṣọ̀n (ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì) KE-Jetronic tí wọ́n ń lò kò lè gba omi àti ìdọ̀tí. Bí omi bá wọ inú irin tó ń pín epo lórí ẹ́ńjìnnì, yóò dípẹtà nínú, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n á sì máa yí ìdè rẹ̀ títí tí yóò fi bàjẹ́ pátápátá. Ohun mẹ́ta ló ń gbà yín:

- Ẹ pààrọ̀ fíítà epo ní gbogbo kìlómítà 10,000.
- Ẹ má ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà.
- Bí tánkà bá ń já epo lọ́wọ́ ní ilé-epo, ẹ kọjá lọ síbòmíràn. Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ti ru sókè.

Gééjì ọ́ìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́ ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó lè sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti tẹ epo, kó yára gun orí 3. Bí kò bá dé 3 lórí eré, ẹ ti rí ìdí tí wọ́n fi ń tà á.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn onílẹ̀kùn méjì ọdún 1993 sí 1995 (E220, E320). Aṣọ tó bo wáyà ẹ́ńjìnnì wọn máa ń rún bí ọdún bá ti pẹ́. Ẹ ṣí ibi tí wáyà ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rọra tẹ̀ ọ́n: bó bá fọ́ sí yín lọ́wọ́, odindi wáyà ẹ́ńjìnnì ni ẹ óò rà.

### BMW E30 àti E36

Ìran méjì BMW 3 Series ni E30 àti E36, E30 ló ṣáájú. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ BMW ló dùn wà jù. Òun náà ló sì ń yára fìyà jẹ aláìbìkítà. Ẹ́ńjìnnì mẹ́fà-lórí-ìlà inú E30 (320i, 325i) ń lo bẹ́líìtì, bó bá já, fáàfù á kan písítìn, tọ́pù á sì bàjẹ́. Ọdún mẹ́rin ni kí ẹ fi sí i, kódà bí ọkọ̀ kò bá rìn. 318i tó ṣáájú 1987 ń lo ṣéènì, ó sì le. Èyí tó tẹ̀lé e ń lo bẹ́líìtì, káàmù rẹ̀ (irin tó ń ṣí fáàfù) sì máa ń tètè jẹ.

Ti E36 (1990 sí 2000), rọ́bà líle ni ìṣòro. Ẹnu rédíétọ̀, ilé tẹ́mósítáàtì, abẹ̀bẹ̀ inú wọ́tà pọ́m̀pù, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ rọ́bà líle, oòrùn wa sì ń sọ ọ́ di gbígbẹ. Gééjì rẹ̀ tún burú: á dúró ṣinṣin láàárín, bó bá fi máa kúrò níbẹ̀ lọ sí pupa, tọ́pù ti gbóná kọjá ààlà. Ẹni tó bá ra E36 láti máa wà á lójoojúmọ́, kó ka rédíétọ̀, wọ́tà pọ́m̀pù onírin, tẹ́mósítáàtì àti gbogbo hóòsì mọ́ owó ọkọ̀, kì í ṣe ohun tí òun óò ṣe "tó bá yá".

E36 ilẹ̀kùn méjì tí kì í gbóná n'Ílọrin wà. Ọwọ́ ẹni tó ti ná owó yẹn ló máa ń wà.

### Volkswagen Golf GTI

Golf 3 pọ̀ dáadáa nígboro, ohun tó sọ GTI di ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ẹ mú onífáàfù mẹ́jọ: 1.8 nínú Golf 2, 2.0 nínú Golf 3. Bí 16V (onífáàfù mẹ́rìndínlógún) bá wù yín, ẹ ṣe bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, nítorí bí tirẹ̀ bá já, fáàfù á kan písítìn. Golf ga ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹrù, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ojú olówó wò yín nínú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa bóyá GTI ni lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àmì nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ Golf lásán.

### Honda Prelude, 1992 sí 1996

Ẹni tó bá rí Prelude S, tó ní ẹ́ńjìnnì 2.2 tí Accord ìgbà náà ń lò, kó wò ó. Àwọn Prelude tó ní ẹ́ńjìnnì VTEC yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ọ́ìlì, ara sílíńdà wọn kò sì ṣe é bọ́ọ̀rù (gbẹ́ fẹ̀) bí mẹkáníìkì wa ṣe ń bọ́ọ̀rù tàwọn yòókù. Ó rẹlẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì lókè.

### Àwọn tí Sátidé nìkan yẹ

Porsche 944: bẹ́líìtì rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin, bó bá já, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, láti pààrọ̀ kíláàṣì, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ jíà tó wà lẹ́yìn kalẹ̀. Porsche 911 tí atẹ́gùn ń tù (wọ́n ṣe é títí di 1998): lítà ọ́ìlì bíi 11 ló ń gbé, ẹ ṣírò ìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Mazda MX-5: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà, àmọ́ òrùlé aṣọ àti eruku ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́, ó sì rẹlẹ̀ gan-an. Peugeot 504 Coupe: mẹkáníìkì pọ̀ fún 504, ṣùgbọ́n ara onílẹ̀kùn méjì náà kò bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu rárá, gíláàsì kan lè dá a dúró fún oṣù mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ epo náà wà níbẹ̀. Epo ilé-epo wa wà ní ìwọ̀n ọ́kítéènì (octane) 91. Ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ (bó ṣe ń fún epo àti atẹ́gùn pọ̀ tó) bá ju 10 sí 1 lọ ń fẹ́ 95 sókè. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ ń gòkè, epo ti ń jó ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì, písítìn ló sì ń jìyà rẹ̀.

## Bí ẹ óò ṣe yẹ ọkọ̀ wò

Ẹ lọ lọ́sàn-án gangan. Ẹ má lọ lálẹ́, ẹ má sì lọ lẹ́yìn òjò, omi ń mú kí ọ̀dà tó ti ṣá dán. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì tó gbóná, ẹ sọ pé, "Àlájì, a óò padà wá lọ́la," kí ẹ sì padà lóòótọ́.

1. Omi rédíétọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù nìkan. Kó ní àwọ̀ kúláǹtì: àwọ̀ ewé, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí búlúù. Bó bá jẹ́ omi ìpẹtà, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń dà sí i. Bí ọ́ìlì bá léfòó, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó.
2. Ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ẹ yí i, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí nǹkan funfun bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi ti wọ inú ọ́ìlì.
3. Ẹ tan án, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn. Èéfín búlúù tó yọ díẹ̀ tó sì dáwọ́ dúró: rọ́bà fáàfù, a lè fara dà á. Búlúù tí kò dáwọ́ dúró: ríìngì ti jẹ. Funfun tó ń rùn dídùn: ó ń mu omi. Dúdú: epo pọ̀ jù.
4. Ẹ jẹ́ kó dúró ní títàn fún ogún ìṣẹ́jú, AC ní títàn, nínú oòrùn. Àyẹ̀wò yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun làwọn èèyàn sì ń fò. Ẹ máa wo gééjì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa AC: fáànù oníná gbọ́dọ̀ máa tàn, kó máa kú. Bó bá ń yí láti ìgbà tí ẹ ti ṣí kọ́kọ́rọ́ láìdáwọ́ dúró, ẹnì kan ti fi í sí dàírẹ́ẹ̀tì, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Lára Benz, fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì máa ń fa atẹ́gùn gidi bó bá ti gbóná. Bó bá ń yí jẹ́jẹ́ nínú ooru, kíláàṣì fáànù ti kú.
5. Ẹ pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún tan án. Ọkọ̀ tó bá tètè tàn láàárọ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣe agídí bó bá gbóná ní ìṣòro epo. Lára KE-Jetronic, ohun tó ń di agbára epo mú sínú páìpù ló sábà máa ń fà á.
6. Kí mẹkáníìkì fi gééjì wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n. 150 psi sókè dára, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ló ṣe kókó jù: èyí tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tó ga jù.
7. Òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé. Ẹ fi kan ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi jáàkì, orí táyà àti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú. Ibi tí kò bá ti fà mọ́ ọn, pọ́tì tí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi dí i ló wà níbẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ gbé táyà àpọ́jù kúrò nínú búùtù. Ọkọ̀ tó ti gbé ẹ̀bá omi Èkó fún ọdún púpọ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
8. Ẹ gbé e sókè lórí sítáǹdì. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í: bó bá jó, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí béárìn. Ẹ di í mú lọ́tùn-ún àti lósì: bó bá jó, orí sítíárì ni.
9. Iná. Gbogbo suwíìsì, gbogbo gíláàsì, wípà, iná bíréèkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Wáyà tí wọ́n so bí irun, tí wọ́n fi séèlò dì, sọ iye ríwáyà tó ti kọjá níbẹ̀.
10. Ẹ wà á, ó kéré tán wákàtí kan. Láti Challenge gba Post Office nígbà tí ọ̀nà dí, lẹ́yìn náà kí ẹ gba Gánmọ̀ jáde lọ sí ojú Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní eré 80, níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ rọra tẹ bíréèkì: bí sítíárì bá gbọ̀n, dísíìkì ti tẹ̀, bí ọkọ̀ bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kálípà kan ti gan.

Ẹ padà sílé lójú ẹsẹ̀ bí:
- nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tàbí ti ṣáàsì kò bá bá ìwé mu
- ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kò bá sí, tí wọ́n sì ń ní "á jáde tó bá yá"
- ọ́ìlì àti omi bá ti dàpọ̀
- ìpẹtà bá ti jẹ ibi tí ṣọ́ọ̀kì jókòó lé
- ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí mẹkáníìkì yín fọwọ́ kàn án

## Owó

Ẹ má fi gbogbo owó ọwọ́ yín ra ọkọ̀. Bí ẹ bá ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà ni kí ẹ wá. Mẹ́rin tó kù ni ti ọdún àkọ́kọ́. Ọkọ̀ kan náà tó wọ́n jù ṣùgbọ́n tó ní rísíìtì bẹ́líìtì, rédíétọ̀ àti ṣọ́ọ̀kì máa ń rọjú ju èyí tó pọ́ọ́kú lọ, a ò tíì rí i kó yí padà.

## Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti gbà á

Ẹ ṣe wọ́n ní títò yìí, kí ẹ tó ronú kan ọ̀dà tàbí rédíò:

1. Gbogbo hóòsì epo. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìnjẹ́kṣọ̀n; hóòsì tí wọ́n ń tà fún jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gba agbára rẹ̀, yóò sì dá iná sílẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹ ra ohun ìpaná lọ́jọ́ kan náà.
2. Táímìn bẹ́líìtì, béárìn tó ń fà á le, àti wọ́tà pọ́m̀pù, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ kò bá fojú rí rísíìtì, wọn kò ṣe é rí ni kí ẹ gbà.
3. Hóòsì omi, tẹ́mósítáàtì, ìdérí rédíétọ̀. Ẹ fi omi fọ inú rẹ̀ títí tó fi mọ́, kí ẹ wá da kúláǹtì ìdajì, omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ìdajì.
4. Ọ́ìlì àti fíítà: 15W-40 tàbí 20W-50 fún Benz àti E30, 10W-40 fún Toyota àti Honda.
5. Omi bíréèkì DOT 4, kí wọ́n fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde.
6. Táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ìparí lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jìn tó, ẹ yọ ọ́. Tòkunbọ̀ táyà kò yẹ ọkọ̀ tó ń sáré.

AC ni kí ẹ fi sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ṣáájú 1993 sábà máa ń ní gáàsì R12, èyí tí kò sí mọ́. Láti fi R134a, gáàsì tó rọ́pò rẹ̀, sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àwọn rọ́bà ojú ìsopọ̀, ọ́ìlì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti ìgò tó ń gbẹ omi. Ẹni tó bá kàn tú gáàsì tuntun lé e lórí ti gba owó yín lọ́fẹ̀ẹ́.

## Àṣìṣe tí à ń rí jù

Yíyọ tẹ́mósítáàtì. Ọkọ̀ bá gbóná, mẹkáníìkì á ní "ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ilẹ̀ wa kò tutù." Ẹ́ńjìnnì kò wá ní tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ kó máa fi ṣiṣẹ́ bí ẹ bá wà lórí eré, ti oní-ìnjẹ́kṣọ̀n á sì rò pé òun ṣì tutù, á máa da epo púpọ̀ sílẹ̀. Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ọkọ̀ ń gbóná síbẹ̀, epo ń tán. Ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ wá ohun tó ń mú un gbóná gan-an.

Ríìmù 18. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú gálọ́ọ̀pù kan, ríìmù ti fọ́. Ríìmù 15 ló dára jù fún E36 àti 190E lójú ọ̀nà wa. Gígé sípíríìnì kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀ wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Fífi wáyà dípò fíúùsì. Bí fíúùsì bá ń jó, nǹkan kan ló ń sọ. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Gbígbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i. Kì í ṣe èèwọ̀, àmọ́ ẹ gba rísíìtì ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ sì tún nọ́ńbà rẹ̀ ṣe sínú ìwé ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú ọ̀nà kì í ṣe ibi tí ẹ óò ti máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá.

## Bí ọkàn yín kò bá kúrò lára Porsche

Ẹ rà á, ṣùgbọ́n kí Corolla kan wà nílé tí yóò máa ṣe iṣẹ́ Mọ́ńdè sí Jímọ́ọ̀. Ẹ wa Porsche fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ́ìlì lè gbóná kí omi inú rẹ̀ gbẹ. Dídúró sójú kan ń ba rọ́bà àti kálípà jẹ́ ju ìrìn lọ. Bó bá jẹ́ pé àyè ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, tí ìdílé yín sì ju mẹ́ta lọ, V-boot 230E onílẹ̀kùn mẹ́rin tàbí E36 onílẹ̀kùn mẹ́rin ní ẹ́ńjìnnì àti ìdí ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú onílẹ̀kùn méjì, owó wọn sì kéré jù ú lọ.

Àárọ̀ Sunday, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná:
- ọ́ìlì lórí igi ìwọ̀n
- omi nínú ìgò kúláǹtì (ẹ má ṣí rédíétọ̀ gbígbóná láé)
- abẹ́ ọkọ̀: ṣé ohun tuntun kán sílẹ̀?
- atẹ́gùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ti àpọ́jù
- fíítà atẹ́gùn. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ gbọn ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀